Wọn Ò Béèrè Lọ́wọ́ Oníṣẹ́

Owó oṣù tí wọ́n ń san ní Yunifásítì Ìbàdàn kì í parí sínú ọgbà Yunifásítì. Ó ń gba Sángo sọ̀ sí Mọ́kọlá, ó ń dé Bẹẹrẹ, ó ń dé Ọjà'ba. Àwọn akọ̀wé wà lára òṣìṣẹ́ ibẹ̀, àwọn awakọ̀ wà, àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn tó ń tọ́jú yàrá àyẹ̀wò náà wà, tí ilé bàbá wọn wà ní Bẹyẹrúnkà tàbí lẹ́yìn Màpó, tí wọ́n ń ra ẹ̀lùbọ́ àti epo láwìn títí oṣù á fi parí. Ẹni tó ń tajà láwìn mọ ọjọ́ tí owó oṣù wọlé, nítorí ọjọ́ náà ni gbèsè ń kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà kan tó wà ní Àbújá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó yìí, tó ń san àbọ̀ fún ẹnì kan, tí kò san kọ́bọ̀ fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. IPPIS ni wọ́n ń pe ètò náà.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń sọ ìtàn yìí fún, pàápàá àwọn ọmọ ìgboro Ìbàdàn àtijọ́ tí wọ́n ti ń ṣe ètò ìṣirò owó fún ilé ìtajà, fún ilé ìwé, fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Orí wọn pé, ọwọ́ wọn sì yá. Wọ́n lè kọ ètò kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìwọ̀nba ni wọ́n ń kọ́ nípa iṣẹ́ tó ṣáájú kíkọ ètò: kí èèyàn jókòó ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kó béèrè, kó wò, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó ya á sórí ìwé, kó dá a padà fún wọn pé kí wọ́n wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Iṣẹ́ ńlá ni. Àìṣe é dáadáa ló bí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọdún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ dá IPPIS sílẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba iléeṣẹ́ ìjọba díẹ̀ dán an wò. Ọ́fíìsì Olùṣirò Owó Àgbà fún Ìjọba Àpapọ̀ ló wá ń darí rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ kò burú rárá. Owó ń jáde lóṣooṣù fún àwọn orúkọ tí kò sí ẹni tó ń jẹ́ wọn níbi iṣẹ́ kankan. Ẹnì kan ṣoṣo lè máa gba owó oṣù lọ́nà méjì mẹ́ta. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń kó ìwé tirẹ̀ wá pé iye báyìí ni òṣìṣẹ́ àwọn, kò sì sí bí ìjọba ṣe máa mọ òtítọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá tẹ ìka, kí wọ́n ya fọ́tò, kí ètò kan ṣoṣo máa san owó tààrà sí báǹkì olúkúlùkù. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìlú yìí kò ní sọ pé kí olè máa jà lọ. Mi ò sì ní sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọba lásán ni wọ́n fi ṣe àwòṣe ètò náà. Òṣìṣẹ́ ọba wọṣẹ́, ó ní ipò, ó ní ìgbésẹ̀ lórí ipò náà, ó ń gba owó níbì kan ṣoṣo, ó sì ń fẹ̀yìn tì nígbà tó bá pé ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá yá jù. Ẹni tó bá ṣe ètò fún irú òṣìṣẹ́ yìí kò ní ìṣòro.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ń gbé ètò ìṣúná ọdún 2020 ka iwájú àwọn aṣòfin, ó ní òun ti pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò bá tíì sí lórí IPPIS ní ìparí oṣù yẹn, kí wọ́n dáwọ́ owó oṣù rẹ̀ dúró. Àwọn yunifásítì wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí oṣù parí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí bí iṣẹ́ yunifásítì ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Olùkọ́ yunifásítì tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan lẹ́tọ̀ọ́ sí sabbatical: ó máa lọ lo ọdún kan ní yunifásítì mìíràn, á máa kọ́ni níbẹ̀, yunifásítì tirẹ̀ á máa san owó oṣù rẹ̀, èyí tó lọ bá náà á san tirẹ̀. Ó bófin mu. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn yunifásítì ti fi ọgbọ́n yìí ran ara wọn lọ́wọ́, kí ilé ẹ̀kọ́ tuntun tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n lè rí ọ̀jọ̀gbọ́n yá. Àwọn mìíràn wà tó ń kọ́ni níbòmíràn fún ìwọ̀nba wákàtí lọ́sẹ̀, tí wọ́n ń gba owó ibẹ̀. Lójú ètò tí wọ́n ṣe láti mú ẹni tó ń gba owó lọ́nà méjì, kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní sabbatical? Olè ni. Ètò náà kò ní àyè tí wọ́n lè kọ ohun mìíràn sí.

Ọjọ́ orí náà ńkọ́? Òfin kan tó jáde ní ọdún 2012 gbà kí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ títí di àádọ́rin ọdún, kí àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì yòókù ṣe é dé ọdún márùndínláàádọ́rin. Ètò tó mọ ọgọ́ta ọdún nìkan máa rò pé wọ́n ti gbàgbé láti yọ orúkọ bàbá kan kúrò. Ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ tún wà: ní yunifásítì, wọ́n lè fi ìwé olùkọ́ ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ níta kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èsì lè pẹ́, tí ìgbéga bá sì dé, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kọjá, owó ẹ̀yìn á sì wà láti san. Bí olùkọ́ kan bá kú láàárín sáà ẹ̀kọ́, ẹ̀ka náà nílò ẹlòmíràn kíákíá kí àwọn ọmọ má baà dúró. Ta ni yóò wọ orúkọ ẹni tuntun náà sórí ètò tó wà ní Àbújá, ọjọ́ wo sì ni?

Kò sí àṣírí nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Akọ̀wé kékeré kan ní ẹ̀ka ìṣúná yunifásítì èyíkéyìí lè sọ gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sán kan, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ń gbà kọjá. Òun ló mọ ẹni tó lọ fún sabbatical àti ẹni tó dé. Kí IPPIS tó dé, ìjọba á fi owó ránṣẹ́, ẹ̀ka ìṣúná á pín in bó ṣe yẹ. Ìmọ̀ wà lórí àga yẹn, ẹni tó jókòó sórí àga náà ló sì yẹ kí àwọn oníṣẹ́ ètò kọ́kọ́ wá bá.

ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, pariwo ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó kó wọn sórí IPPIS. Ọ́fíìsì tó ń darí ètò náà fèsì pé àwọn máa ṣe àyè fún ohun tó jẹ́ àrà ọ̀tọ̀ nípa yunifásítì. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí IPPIS wọlé fún àwọn yunifásítì. Ohun tó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́n. Owó dé lábọ̀. Owó orí ga ju bó ṣe yẹ lọ fún àwọn kan. Àwọn mìíràn kò rí nǹkan kan gbà fún oṣù púpọ̀. Èyí tó ro mí lára jù lọ ni ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ kúrò lára owó oṣù, kò sì dé ọwọ́ ẹgbẹ́ lásìkò. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń kọ́lé ní ìlú yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Owó alájẹṣẹ́kù ni wọ́n fi ń ra páànù, òun ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé ọmọ. Tí owó ẹgbẹ́ bá dúró, ẹni tó kàn láti yá owó máa dúró náà.

Kì í ṣe ASUU nìkan ló ké. SSANU àti NASU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́, kò bá ìjọba jà lórí ètò náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà, wọ́n wọlé. Kò pẹ́ tí àwọn náà fi ń sọ pé IPPIS kò mọ iṣẹ́ àwọn, tí wọ́n sì lọ ṣe ètò tiwọn tí wọ́n pè ní U3PS. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ẹni tó kọ̀ àti ẹni tó gbà, ẹkún kan náà ni wọ́n ń sun.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di oṣù Kejìlá. IPPIS wà lára ìdí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gbèsè àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ gbé ètò tiwọn kalẹ̀ ní ọdún náà, UTAS, tí àwọn onímọ̀ inú yunifásítì ṣe. Inú mi dùn sí i nígbà tí mo gbọ́, nítorí pé àwọn tó mọ iṣẹ́ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ apá kejì pẹ̀lú. Nígbà tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kéde ní ọdún 2022 pé kò yege nínú àwọn ìdánwò tí wọ́n ṣe fún un. ASUU ní irọ́ ni, pé ó yege. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ètò tí yóò máa san owó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà, ó sì gbọ́dọ̀ lágbára tí olè kò fi ní lè wọlé sí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ àti ẹni tó mọ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jọ jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìtàn yìí, ìgbà tí ìjà ti gbóná ni wọ́n jọ pàdé.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí gbìyànjú nǹkan kan kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ bá alájọ kan l'Ọ́jà'ba, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan. Káàdì wà lọ́wọ́ oníbàárà, ìwé wà lọ́wọ́ alájọ, àmì tó bá wà lórí èkíní gbọ́dọ̀ wà lórí èkejì. Àpótí ọjọ́ oṣù ló wà lórí káàdì. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni ti alájọ, ìyókù ti oníbàárà. Ẹni tó bá wò ó lójú kan á sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n, á lọ kọ ètò rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè pé: bí ìyá kan bá fẹ́ kó owó rẹ̀ nígbà tí oṣù ò tíì dé ìdajì, ṣé alájọ á gba owó tirẹ̀? Bí ó bá dá ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ọmọ wo ló lè gba owó fún ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá? Tí káàdì bá sọnù, ìwé ta ni a óò gbà gbọ́? Bí alájọ fúnra rẹ̀ bá kú, ta ló mọ ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀? Àwọn ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ gan-an. Kò sí èyí tí ẹ lè rí ìdáhùn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnu alájọ àti ẹnu àwọn ìyá tó ń dá àjọ ló wà, ìdáhùn wọn sì lè má bára mu. Níbi tí kò ti bára mu ni kí ẹ dúró sí pẹ́ jù.

Tom DeMarco, ará Amẹ́ríkà kan, kọ ìwé kan lórí ọ̀nà yìí ní ọdún 1978. Ohun tó ń kọ́ni níbẹ̀ ni pé kí èèyàn ya àwòrán bí ìwífún ṣe ń rìn: ibi tó ti wá, ẹni tó gbà á, ohun tí ẹni náà ṣe sí i, ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ẹni tó tún kàn. Àwọn róbótó, àwọn ọfà, àti ìlà díẹ̀. Ìyá tí kò kàwé lè wò ó tí wọ́n bá ṣàlàyé rẹ̀ fún un, kó sì sọ pé, “Rárá o, ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni owó ń gbà lọ.” Tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ti gbà yín lọ́wọ́ iṣẹ́ oṣù púpọ̀.

Àdúgbò wa fúnra rẹ̀ máa ń tú àṣírí ètò tí wọn kò fara balẹ̀ ṣe. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kùn sára ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní ìgboro: lẹ́tà ló ṣáájú, N fún àríwá, S fún gúúsù, E fún ìlà-oòrùn, lẹ́yìn náà nọ́ńbà, igi dídàgẹ̀rẹ̀ kan, nọ́ńbà mìíràn. Fọ́ọ̀mù tó ní nọ́ńbà lásán lòun fẹ́ máa ń lé ilé bẹ́ẹ̀ padà. Orúkọ òpópónà tó tún ń béèrè, ọ̀pọ̀ agbo-ilé kò ní in, ẹsẹ̀ nìkan ló ń gba ọ̀nà tó wọ inú rẹ̀. Ní Bẹyẹrúnkà, bí ẹ bá ní ilé Ògúnmọ́lá, ọmọ kékeré á mú yín débẹ̀. Fọ́ọ̀mù kò mọ ilé Ògúnmọ́lá. Ohun tí àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù sábà máa ń ṣe ni kí wọ́n wá orúkọ òpópónà tó sún mọ́ ibẹ̀ kọ sí i kí ó lè gbà á. Láti ọjọ́ náà, irọ́ ti wà nínú ètò, ẹni tó pa á kò sì ní ẹ̀bi. Bí lẹ́tà báǹkì bá wá sọnù lọ́la, wọ́n á ní Ìbàdàn ni kò létò.

Ohun tó wá burú jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni kí àwọn aláṣẹ gba ẹ̀rọ gbọ́ ju èèyàn lọ. Ìlú Ọba ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ní ọdún 1996, wọ́n gbé iṣẹ́ ètò kan fún iléeṣẹ́ ICL, tí orúkọ rẹ̀ di Fujitsu lẹ́yìn náà, pé kó máa bá wọn san owó ìrànwọ́ fún aráàlú ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní ọdún 1999, ìjọba yọ apá owó ìrànwọ́ náà kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìyókù, tí wọ́n ń pè ní Horizon, wọ inú àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ káàkiri. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó kù lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ilé wọ̀nyí. Ní Dalmellington, ní ilẹ̀ Scotland, ní ọdún 2015, ẹnì kan fẹ́ gbé 8,000 pọ́n-ùn wọ àkọsílẹ̀ ẹ̀ka kan. Ojú ẹ̀rọ kò kúrò níbi tó wà, ó tún bọ́tìnnì tẹ̀, Horizon sì kọ owó kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó di pé 24,000 pọ́n-ùn tí kò sí níbì kankan ti di gbèsè.

Àṣìṣe ẹ̀rọ nìyẹn, ẹ̀rọ tí kò ní àṣìṣe kò sí. Ìwà ìkà ni ohun tí wọ́n fi ṣe. Láàárín ọdún 1999 sí 2015, ó lé ní 900 èèyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi olè àti ìwé èké lórí ẹ̀rí tó ti inú ètò náà wá. Wọ́n fi obìnrin kan tó lóyún sẹ́wọ̀n. Àwọn kan pa ara wọn. Àwọn aláṣẹ ilé ìfìwéránṣẹ́ ń sọ fún àwọn alábòójútó náà pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ wọn láti òkèèrè, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Alan Bates, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó sì pẹjọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni Adájọ́ Fraser sọ ọ́ kedere pé Horizon ní àbùkù tó lè mú kí owó dà bí ẹni pé ó kù. Ní ọdún 2024, wọ́n ní láti ṣe òfin láti fagi lé ìdálẹ́bi àwọn èèyàn náà lápapọ̀.

Ẹ má sọ pé ọ̀ràn òyìnbó nìyẹn. Ọmọ tó bá ṣe ètò owó fún ilé ìtajà kan ní Bẹẹrẹ, tí ètò rẹ̀ sì sọ pé owó kù lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń tajà, ó ti di ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ ọmọbìnrin náà. Kí ó rí i pé ètò òun lè fi hàn, lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó kọ nǹkan kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wákàtí tó kọ ọ́, àti ẹni tó yí i padà.

Ní ti IPPIS, ASUU tún yanṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, UTAS sì wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Oṣù mẹ́jọ gbáko nìyẹn lórí ọjọ́ orí àwọn ọmọ wa. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ àwọn yunifásítì àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga yòókù kúrò lórí ètò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyọkúrò náà gbà tó ọ̀pọ̀ oṣù sí i. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Tahir Mamman, ṣàlàyé pé kò yẹ kí ọ̀gá àgbà yunifásítì máa fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Àbújá nítorí kí orúkọ òṣìṣẹ́ lè wọ IPPIS. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti pàṣẹ pé kí wọ́n wọlé. Ọ̀rọ̀ tí mínísítà sọ yẹn wà lẹ́nu àwọn akọ̀wé ẹ̀ka ìṣúná ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019.